Ẹ̀rọ Agbóhùnsókè Tí Kò Ní Tiransifọ́mà

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Láti 1954 tí Julius Futterman, ará Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa ẹ̀rọ agbóhùnsókè onífáàfù tí kò ní tiransifọ́mà ìjáde, ni àwọn kan ti ń yìn ín. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀: tiransifọ́mà tí a kò wé dáadáa a máa jẹ ohùn ìlù nísàlẹ̀. Àmọ́ fáàfù tó ń gbà pọ̀, ó ń gbóná janjan, ó sì ń jẹ iná. Ta ni yóò máa ra epo jẹnẹrétọ̀ fún un ní Ọ̀rẹ̀ tàbí ní Odigbo?

Èyí tó burú jù ni ti ẹni tó yọ tiransifọ́mà iná pẹ̀lú, tó so ẹ̀rọ mọ́ 230 fóòtì tààrà. Irin ara ẹ̀rọ náà lè pànìyàn. Èmi ò ní yin ìyẹn láé. Orin tó dùn, alààyè ló ń gbọ́ ọ.