Onílé Tuntun Dé sí Minecraft

Ní ọdún 2014 tí Microsoft fi bílíọ̀nù 2.5 dọ́là ra Mojang, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Sweden tó ṣe Minecraft, ariwo ta láàárín àwọn olólùfẹ́ géèmù náà. Wọ́n ní ó ti tán. Wọ́n ní Microsoft máa yọ ọ́ kúrò lórí PlayStation kí gbogbo ayé lè lọ ra Xbox.

Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Minecraft ò sọ ìtàn kankan fún ọ. Ó kàn jù ọ́ sínú igbó lọ́wọ́ òfo, ilẹ̀ ń ṣú lọ, kí o yáa gé igi, kí o gbẹ́lẹ̀, kí o kọ́lé kí àwọn òkú tó ń rìn tó dé. Ìwọ lo kọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Markus Persson ti ń tà á láti 2009 nígbà tí kò tíì parí, àwọn tó kọ́kọ́ rà á ló sì ń sọ ibi tó kù sí fún un, títí ó fi jáde pátápátá ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011. Ṣé ẹni tó bá ọ ru búlọ́ọ̀kù ò ní sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí o bá ń ta ilé ni?

Persson fúnra rẹ̀ ló fẹ́ lọ ṣá. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2014 ló bèèrè lórí Twitter bóyá ẹnì kan máa ra ìpín òun. Mi ò bá a wí.

Géèmù náà ò kú. Kò kúrò lórí PlayStation, ó tún dé orí Wii U ti Nintendo ní 2015. Nígbà tó fi di 2023, ẹ̀dà tí wọ́n ti tà ti lé ní mílíọ̀nù 300. Àtúnṣe inú omi tí wọ́n ṣe ní 2018 dára gan-an, mo lè sọ ọ́ níwájú ẹnikẹ́ni. Kó tó dé, òfìfo lásán ni òkun inú Minecraft.

Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n pààrọ̀. Ẹ̀yin tó ń gbé ìta ọgbà, ẹ mọ irú láńlọ́ọ̀dù yìí: ó kun ilé, ó tún òrùlé ṣe, ó wá ní aago mẹ́wàá alẹ́ ni òun ó máa ti géètì. Ní oṣù Keje ọdún 2022, wọ́n gbé ètò kan jáde: tí wọ́n bá fi ẹjọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ sùn, tí Mojang sì dá ọ lẹ́bi, o ò ní lè bá ẹlòmíì ṣeré mọ́, kódà lórí sáfà tí ìwọ àti ọ̀rẹ́ ẹ ń fi owó ara yín gbé ró. Àwọn èèyàn pariwo, pariwo; wọn ò fagi lé e.

Èyí tó burú jù ni ti àkáǹtì. Ní 2020 ni wọ́n kéde pé kí gbogbo ẹni tó rà á láyé àtijọ́ kó lọ sórí àkáǹtì Microsoft. Ní 2023, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa. Ẹni tó rà á ní 2010, tó ti ríṣẹ́, tó ti bímọ, tí kò ráyè ka ímeèlì, géèmù tó fi owó ara rẹ̀ rà ti lọ nìyẹn.

Mojang ní nítorí ààbò ni. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ kò tíì yé mi bí ààbò ṣe gbọ́dọ̀ gba ohun tí èèyàn ti rà lọ́wọ́ rẹ̀.