Ta Ló Ni Àmì? Àsíá Àwọn Ìjọba Inú Ánímè Onísáyẹ́ǹsì Lójú Ìmọ̀ Àrokò àti Ọ̀págun Yorùbá

Ìfáárà

Ní ilé ìpẹran Oko Ọba ní Agége, àwọn oníṣòwò a máa fi ọ̀dà sàmì sí ara màlúù. Ẹni tí kò sí nídìí òwò náà lè rò pé ìdọ̀tí ló ta sára ẹran. Ẹni tó wà nídìí rẹ̀ mọ̀ pé àmì ìní ni, ó sì mọ ẹni tó ni ín. Orúkọ àdúgbò náà pàápàá ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: oko ni, ọba ló ni ín. Àmì kan náà ni àlejò àti onílé ń wò, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí kò dọ́gba.

Ìbéèrè nípa ẹni tó ni àmì àti ẹni tó lè kà á ni iṣẹ́ yìí gbé lọ síbi tí àwọn onímọ̀ Yorùbá kì í sábà dé, ìyẹn ánímè, eré àwòrán tí wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ Japan, pàápàá èyí tó jẹ́ ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì. Bí irú eré bẹ́ẹ̀ bá dá lórí ogun, àwọn ìjọba àti ẹgbẹ́ inú rẹ̀ a máa ní àsíá àti àmì ìdánimọ̀ tiwọn. Àwọn alámèyítọ́ sábà máa ń yin àwọn àmì wọ̀nyí fún ẹwà wọn àti bí wọ́n ṣe rọrùn láti dá mọ̀. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé ẹwà nìkan kò tó. Lójú ìmọ̀ àmì Yorùbá, àsíá kò parí sí ara aṣọ. Ó ku ẹni tó gbé e, ẹni tó ń wò ó, àti ẹni tó ní agbára láti sọ pé ohun báyìí ló túmọ̀ sí.

Ánímè kì í ṣe àjèjì ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jẹ́ ọmọdé ní nǹkan bí ọdún 1985 sí 1990 rántí Voltron lórí NTA. Eré ilẹ̀ Japan kan tó jáde ní ọdún 1981, GoLion, ni àwọn ará Amẹ́ríkà tún tò, tí wọ́n sì fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì sí. Kìnnìún márùn-ún ló wà níbẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Àwọ̀ ni ọmọdé fi ń yan kìnnìún tirẹ̀ kí ó tó mọ orúkọ ẹni tó ń wà á.

Àrokò, ilà àti ọ̀págun

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí a pe gbogbo àmì ní àrokò. Àrokò ní ẹni tó fi í ránṣẹ́, ó ní ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí, ó sì ní ọ̀ràn pàtó tó wà láàrin àwọn méjèèjì. Owó ẹyọ méjì tí a so kojú síra wọn ń sọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀. Bí a bá kọ ẹ̀yìn wọn síra, aáwọ̀ ti dé. Bí ẹni tí a rán an sí bá ti gbọ́ ọ, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ẹni tó bá já a gbà lójú ọ̀nà lè máà rí ju owó ẹyọ lọ.

Ilà yàtọ̀ sí èyí. Àbàjà, pélé tàbí gọ̀m̀bọ́ kì í ṣe ìránṣẹ́ sí ẹnì kan ṣoṣo. Ojú ni a kọ ọ́ sí, ẹni tó ni ojú náà kò sì lè bọ́ ọ sílẹ̀ nígbà tí ìlú bá dàrú. Ní àkókò ogun àti òwò ẹrú ní ọ̀rúndún 19, ilà lè mú kí ará ilé ẹni dá ẹni mọ̀; ó sì lè fi ẹni hàn fún ọ̀tá.

Ọ̀págun ni ẹ̀kẹta. Ọ̀pá ni, ogun sì ni. Gbogbo ẹni tó bá rí i ló ń bá sọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá. Gbígbé ni a ń gbé e, nítorí náà ó lè ṣubú, ọ̀tá sì lè gbà á. Nínú ìwé The History of the Yorubas tí a tẹ̀ jáde ní 1921, Samuel Johnson ka ọ̀pá kan mọ́ ohun oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, pẹ̀lú fìlà ìyẹ́ pupa ìrù odídẹrẹ́ àti awọ ẹkùn. Gẹ́gẹ́ bí Johnson ṣe kọ ọ́, ọ̀pá ọba yìí nìkan ni Ààrẹ ń mú lọ́wọ́ lọ sójú ogun. Àṣẹ ẹlòmíràn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀: bí kò bá ṣẹ́gun, kò lè padà wá sọ pé ọ̀pá lásán ni.

Orúkọ bàbá lórí àsíá ọ̀tá

Mobile Suit Gundam, tí Yoshiyuki Tomino darí, bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Japan ní oṣù kẹrin ọdún 1979, ó sì parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1980 lẹ́yìn ìpín 43. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé wà lára àwọn tó ń ná owó lé e lórí, nítorí náà àmì inú rẹ̀ ní láti jẹ́ ohun tí ojú lè dá mọ̀ kíákíá, tí ọjà sì lè gbé. Ṣùgbọ́n ìtàn náà fi àmì yìí ṣe ohun tí ọjà kò rán an.

Ìtàn náà dá lórí àwọn ènìyàn tí wọ́n kó lọ gbé nínú ìlú àtọwọ́dá lójú òfurufú. Ọ̀kan nínú àwọn ìlú wọ̀nyí, Zeon, bá ìjọba ilẹ̀ ayé jagun láti gba òmìnira. Orúkọ Zeon Zum Deikun, onírònú tó kọ́kọ́ pe àwọn ará òfurufú sí òmìnira, ni ilẹ̀ náà ń jẹ́. Nígbà tí Deikun kú, Degwin Zabi àti àwọn ọmọ rẹ̀ gba ìjọba. Wọn kò pa orúkọ olóògbé rẹ́. Òun gan-an ni wọ́n gbé sókè, tí wọ́n sì ń jagun lábẹ́ rẹ̀.

Ọmọ Deikun, tó ń fi ìbòjú bojú, tó sì ń pe ara rẹ̀ ní Char Aznable, wọ iṣẹ́ ológun Zeon láti gbẹ̀san lára ìdílé Zabi. Lójú ọmọ ogun yòókù, àsíá tó ń jà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti orílẹ̀-èdè. Lójú tirẹ̀, orúkọ bàbá òun ni àwọn olè fi ń ṣe ẹ̀wù. Nígbà tí Garma, àbíkẹ́yìn Degwin, kú sójú ogun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Gihren sọ ìsìnkú di ìpàdé ìṣèlú. Ó sọ̀rọ̀ níwájú àwòrán òkú, èrò sì ń hó “Sieg Zeon”. Char ló dọ́gbọ́n pa Garma. Ẹni tí àsíá ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, ọmọ ẹni tó ni orúkọ àsíá náà ló pa á.

Eré náà kò fi ibi tó ti yá ariwo yìí pa mọ́: Degwin fúnra rẹ̀ fi Gihren wé Hitler. Òǹwòran tó bá tẹ̀ lé ìtàn dáadáa kò lè wo àsíá Zeon láìrántí pósí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, àmì Zeon wà lára ẹ̀wù àti fìlà tí wọ́n ń tà káàkiri àgbáyé lónìí. Àwọn tó ń gbèjà èyí ní eré lásán ni. Àwíjàre náà kò ṣófo pátápátá, nítorí eégún alárìnjó náà a máa gbé ìrísí àjèjì wọ̀, ìbáà ṣe Tápà tàbí Òyìnbó. Ṣùgbọ́n bí eré alárìnjó bá parí, ẹ̀kú a padà sínú àpò, òǹwòran náà a sì mọ̀ pé ó ti parí. Ẹ̀wù tí a rà lọ́jà kì í padà síbì kankan. Ó gbé àmì rìn, kò gbé pósí rìn.

Àmì tó ní oríkì

Ní ọdún 1979 kan náà, Nàìjíríà dìbò láàrin ẹgbẹ́ òṣèlú márùn-ún, oníkálukú pẹ̀lú àmì tirẹ̀ lórí ìwé ìdìbò. Àṣà náà ti wà láti ìgbà ìdìbò ṣáájú òmìnira, nígbà tí Action Group ń lo igi ọ̀pẹ, tí NCNC sì ń lo àkùkọ. Ohun tí àmì wọ̀nyí wà fún kò jìnnà sí ti Zeon: kí ẹni tí kò lè kàwé, tàbí tí kò ráyè kà á, lè mọ ẹni tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú akàn.

Ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá kò fi àmì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe yà á fún wọn. Wọ́n sọ Action Group di Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Nígbà tí UPN gbé iná ìmọ́lẹ̀ wá ní 1979, ó di Ẹgbẹ́ Ìmọ́lẹ̀. Láti gbòǹgbò dé imọ̀, ọ̀pẹ kò ní ohun tí a ń dà nù, gbogbo ènìyàn sì ti mọ èyí kí ẹgbẹ́ kankan tó dá sílẹ̀. Àwọn aráàlú ló mú ọ̀rọ̀ tiwọn wá bá àwòrán, tí àwòrán fi ní oríkì. Àmì tó bá ti ní oríkì, a lè bá a jiyàn. Ẹni tó bá ń yin ọ̀pẹ lè béèrè lọ́jọ́ kejì pé epo dà.

Òṣùwọ̀n tí iṣẹ́ yìí dábàá fún àmì inú eré onísáyẹ́ǹsì nìyí: ǹjẹ́ àwọn ènìyàn inú ìtàn lè sọ̀rọ̀ nípa àsíá wọn, kí wọ́n sì já a níyàn? Nínú Gundam, èrò Zeon hó ni, wọn kò sọ̀rọ̀. Gihren nìkan ló ń túmọ̀ àmì. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ní ìtumọ̀, òun ló sì jẹ́ kí eré náà lágbára. Legend of the Galactic Heroes, tí wọ́n ṣe láti inú ìwé Yoshiki Tanaka ní ìpín 110 láàrin 1988 sí 1997, gba ọ̀nà mìíràn. Idì olórí méjì ìdílé Goldenbaum kúrò lórí ìtẹ́, kìnnìún wúrà Reinhard sì rọ́pò rẹ̀. Lódì kejì, nígbà tí olóṣèlú kan ń fi òkú ogun ṣe ọ̀rọ̀ ìwúrí, tí gbogbo ènìyàn dìde, ọ̀gágun Yang Wen-li jókòó. Ìjókòó náà tó ìwé àlàyé kan nípa àsíá: ẹni tó ń jà lábẹ́ ọ̀págun kò gbọdọ̀ pàdánù ẹ̀tọ́ láti kà á fúnra rẹ̀.

Bí ẹlòmíràn bá ka àmì ẹni

Ní ọdún 2025, àsíá agbárí tó ń wọ fìlà koríko, láti inú One Piece, jáde lójú títì ní Indonesia, Nepal àti Madagascar lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹ̀hónú hàn. One Piece kì í ṣe ìtàn onísáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n kò sí àpẹẹrẹ tó sún mọ́ ọ̀ràn yìí jù ú lọ. Àwọn ọ̀dọ́ Madagascar fi fìlà ìbílẹ̀ wọn rọ́pò fìlà koríko náà. Ohun tí àwọn ará Ìbàdàn àti Agége ṣe fún ọ̀pẹ ni wọ́n ṣe: wọ́n fún àmì àjèjì ní ọ̀rọ̀ ilé.

Nàìjíríà ní ìtàn tirẹ̀. Táíwò Akínkúnmi, ọmọ Ìbàdàn, ló ya àsíá tí orílẹ̀-èdè yìí gbé sókè ní 1960. Oòrùn pupa kan wà láàrin iṣẹ́ tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Ìgbìmọ̀ yọ ọ́ kúrò. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ tó ń tako SARS gbé àsíá náà lọ́wọ́ ní Lẹkí, wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè, àwọn ológun sì yìnbọn. Àwòrán àsíá tí ẹ̀jẹ̀ ta sí tàn káàkiri lẹ́yìn náà. Ọ̀dọ́ ka àsíá gẹ́gẹ́ bí ààbò. Ẹni tó ní ìbọn kò kà á bẹ́ẹ̀.

Lára ẹ̀sùn tí àwọn ọ̀dọ́ fi kan SARS ni pé irun dàda tàbí àwòrán tí a fín sára tó láti sọ ènìyàn di afurasí. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dé ojúlé. Ọ̀dọ́ kan ní Oko Ọba lè fín àmì ẹgbẹ́ inú ánímè sí apá, lérò pé àrokò ni sí ẹgbẹ́ òun tó ń wo irú eré bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dá a dúró lójú ọ̀nà lè kà á bí ilà ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ọ̀dọ́ náà kò purọ́, àmì náà kò yí padà. Òǹkàwé ló yàtọ̀, òun ló sì ní agbára. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àmì inú ánímè kò ju ọ̀ṣọ́ lọ ń sọ̀rọ̀ láti ibi tí ara ti rọ̀ ọ́.

Iwájú àti àsíá tí kò sí

Eré àwòrán Iwájú, tí Kugali àti Walt Disney Animation Studios ṣe, tí Olufikayo Adeola darí, jáde ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2024 ní ìpín mẹ́fà. Èkó ọjọ́ iwájú ló gbé kalẹ̀: Tola ń gbé ní Erékùṣù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Kole sì jẹ́ ọmọ òkè odò. Kì í ṣe àsíá ló darí ìtàn náà. Omi àti owó ló pín ìlú sí méjì. Òótọ́ ni èyí nípa Èkó. Ará Oko Ọba kò nílò àsíá kí ó tó mọ̀ pé òun kì í ṣe ará Erékùṣù.

Síbẹ̀, ó ní ohun tí ó sọnù. Bode, ọ̀daràn inú eré náà, ní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún un, ṣùgbọ́n àìní àti ìbẹ̀rù ló so wọ́n mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ́ kò sí níbẹ̀. Èkó gidi mọ ẹ̀jẹ́, ó mọ àwọ̀ fìlà, ó mọ ìgbálẹ̀ àti agbòòrùn lórí ògiri ní àsìkò ìdìbò. Ìtàn tó bá fi èyí sílẹ̀ ti fi ọ̀kan nínú ohun tó ń mú ọmọ ìlú pa ọmọ ìlú sílẹ̀. Lílẹ àdìrẹ tàbí ọpọ́n Ifá mọ́ asà róbọ́ọ̀tì kò ní dí àlàfo náà. Ẹni tó bá fẹ́ ya àsíá fún ìjọba inú ìtàn onísáyẹ́ǹsì Yorùbá ní láti kọ́kọ́ dáhùn: ta ló búra níwájú rẹ̀, ta ló gbé e, ta ni yóò jókòó nígbà tí àwọn yòókù bá dìde?

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé àrokò, ilà àti ọ̀págun kì í ṣe ohun kan náà, àti pé ìdàrúdàpọ̀ láàrin wọn lè na ènìyàn ní nǹkan. Gundam dára nítorí ó fi olè hàn lábẹ́ orúkọ olóòótọ́; Legend of the Galactic Heroes dára nítorí ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó kọ̀ láti dìde. Àsíá tí kò ní oríkì, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè bá jiyàn, kò yàtọ̀ sí ọ̀dà ara màlúù ní Oko Ọba. Màlúù kì í ka àmì tó wà lára rẹ̀. Ènìyàn lè kà á, ó sì lè béèrè ẹni tó fi í síbẹ̀.