Ìyìn Ayẹ-Àdírẹ́sì-Wò
Ó yẹ kí á yin akọ̀wé tí kì í fi ìwàǹwára rán ímeèlì sí ẹni tí kò mọ̀ rí, tí ó kọ́kọ́ ń yẹ àdírẹ́sì wò fínnífínní, nítorí ó mọ̀ pé ìtẹ́wọ́gbà ni kóòdù 250 tí sáfà ímeèlì olùgbà bá dá padà, pé 550 sábà ń wí pé kò sí àpótí ímeèlì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n pé sùúrù ni 450 ń bẹ̀. Níbi tí sáfà bá ti ń gba gbogbo orúkọ, títí kan ti ẹni tí kò sí, ni ọgbọ́n rẹ̀ ti ń yọ: gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tínú ń run, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni ó ń rán ímeèlì sí irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀. Àdírẹ́sì tó pé kò kúkú túmọ̀ sí pé olóhun fẹ́ gbọ́ tiwa, ẹni tí kò bá sì fẹ́ lè fi ẹ̀sùn kàn wá. Láti 2024, Google kò fẹ́ kí ẹ̀sùn tí àwọn olùgbà ń fi kan arán-ímeèlì-púpọ̀ dé 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún.