Eré Ọwọ́-Dilẹ̀ Àwọn Ọmọ Brontë àti Ilẹ̀ Àṣáńtì

Ní oṣù kẹfà ọdún 1826 ni Patrick Brontë, àlùfáà ìlú Haworth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ra ọmọ-ogun onígi 12 fún Branwell ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, òun, Charlotte, Emily àti Anne a máa fi wọ́n hun ìtàn. Ìwé ìròyìn Blackwood's ni wọ́n ń fara wé, nínú ìwé pélébé tí wọ́n fọwọ́ kọ bí ẹni pé ẹ̀rọ ni ó tẹ̀ ẹ́. Charlotte a sì máa fi ewì àbúrò rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ nínú ìtàn tirẹ̀; irú ìtakora bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn níṣẹ́ ju àfarawé lọ.

Àwọn lámèyítọ́ a máa yin eré yìí gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ Jane Eyre (1847). Ìyìn náà tọ́, àmọ́ kò kárí. Etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni àwọn ọmọ wọ̀nyí tẹ ìlú àròsọ wọn, Glass Town, dó sí. Lọ́wọ́ àwọn Àṣáńtì ni wọ́n sì ti gba ilẹ̀. Ẹ̀dá-ìtàn tí ó gba àkíyèsí jù níbẹ̀ ni Quashia, ọmọ ọba Àṣáńtì tí àwọn aṣẹ́gun gbà tọ́. Nínú The Green Dwarf (1833), ó ṣọ̀tẹ̀ sí wọn. Charlotte fi í hàn bí aláìmoore, síbẹ̀ kò lè ṣàì jẹ́ kí òǹkàwé rí i pé ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni ó ń jà fún.