Ìró Ohùn Nínú Ewì Ìfẹ́: Àpẹẹrẹ Láti Inú Àrokò

Àníyàn wa nínú iṣẹ́ kékeré yìí ni láti fi hàn pé nínú ewì ìfẹ́, ìró ọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Òun gan-an ni ó ń gbé ìtumọ̀ rù. Ní kíláàsì wa ní Onípáànù, bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tú irú ewì bẹ́ẹ̀ palẹ̀, 'àwítúnwí wà níbẹ̀' ni yóò kọ, yóò sì gba máàkì rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ àwọn baba wa. Nínú àrokò Ìjẹ̀bú, owó ẹyọ mẹ́fà jẹ́ iṣẹ́ ìfẹ́, nítorí pé fà ni ó parí mẹ́fà: ọkàn ẹni fà sí ẹni tí a ránṣẹ́ sí. Mẹ́jọ ni èsì rere, nítorí jọ. Kì í ṣe kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì nìkan ni ó bára mu, ohùn pàápàá bára mu: ohùn ìsàlẹ̀ ni fà, ohùn àárín ni jọ. Bí ẹnikẹ́ni bá pe fà ní fá, orí ni ó ń fá, ìfẹ́ ti bá ibẹ̀ lọ.

Àwa fúnra wa hun ìlà méjì yìí fún kíláàsì:

Mo fi ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́, ọkàn mi fà mọ́ ọ;
O fi ẹyọ mẹ́jọ dáhùn, ìwà wa jọra o.

Sílébù mẹ́jọ ni ó ṣáájú kọ́mà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà ni ó tẹ̀ lé e. Fà àti jọ bọ́ sí ipò kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ohùn òkè méjì ni ránṣẹ́, nígbà tí dáhùn sọ̀ kalẹ̀ láti òkè sí ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó ń bẹ̀bẹ̀ gbé ohùn rẹ̀ kọ́ sókè; ẹni tí ó gbà gbé e kalẹ̀. Irú ìyàtọ̀ ohùn báyìí wà lára àwọn àbùdá ewì alohùn Yorùbá tí Ọlátúnjí (1984) yẹ̀ wò.

Àléébù kò ṣàìsí. 'O' tí ó parí ìlà kejì, àlàfo ni a fi dí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí èyí, tí ó sì sọ ìdí rẹ̀, ti ka ewì náà ju ẹni tí ó to orúkọ ọnà èdè mẹ́wàá sílẹ̀ lọ. Ẹ̀bẹ̀ wa sí ẹ̀yin olùdánwò ni pé kí ẹ fún irú wọn ní máàkì.