Fífọ́ àti Fífọ̀

Nínú Léfítíkù orí 6, ẹsẹ 28, ìkòkò méjì gba ìdájọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí a bá se ẹran ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìkòkò amọ̀, kí a fọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ ti idẹ, kí a ha á, kí a sì fi omi fọ̀ ọ́. Ní èdè wa, àmì ohùn nìkan ni ó ya ìdájọ́ méjèèjì.

Àwọn oníwàásù kan a máa fi ẹsẹ yìí tẹ́ńbẹ́lú amọ̀. N kò gbà fún wọn. Mímọ́ jùlọ ni ẹran náà, amọ̀ a sì máa fa omi ọbẹ̀ mọ́ra. Ohun tí ó ti mu ohun mímọ́ kò gbọdọ̀ padà sí ìdí ààrò lásán. Nítorí kan náà ni orí 11, ẹsẹ 33, fi ní kí a fọ́ èyí tí ohun àìmọ́ bá bọ́ sí. Ohun tí amọ̀ bá gbà, kì í jọ̀wọ́ rẹ̀.

Àwọn obìnrin amọ̀kòkò Ìsàn-Èkìtì mọ èyí. Ìwà amọ̀ yìí gan-an ni àwọn ìyá wa fi fẹ́ràn ìṣasùn: ọbẹ̀ àná a máa fi adùn rẹ̀ sílẹ̀ fún tòní. Ìkòkò irin yá fọ̀, ó sì ti gba ilé ìdáná wa. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ pé Ìwé Mímọ́ ni ó lé ìṣasùn jáde.