Ta Ló Kó Afẹ́fẹ́ Níjàánu?

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ kí a jọ yẹ iṣẹ́ méjì wò. Èkíní ni ìwé tí William Kamkwamba àti Bryan Mealer jọ kọ, The Boy Who Harnessed the Wind, tó jáde ní 2009. Èkejì ni fíìmù tí Chiwetel Ejiofor ṣe láti inú ìwé náà ní 2019. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti wo fíìmù náà lórí Netflix, ṣùgbọ́n àwọn tó ka ìwé náà ò tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò le rárá: ìwé náà jẹ́ ká rí gbogbo ọwọ́ tó ran ọmọ náà lọ́wọ́, fíìmù náà sì fi díẹ̀ nínú àwọn ọwọ́ yẹn pamọ́. Ẹni tó bá ń kọ́ nǹkan, yálà ìmọ̀ ẹ̀rọ ni o tàbí èdè Yorùbá, ó yẹ kó mọ ìyàtọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn fúnra rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Màláwì ni Kamkwamba. 1987 ni wọ́n bí i, ìletò kan ní Wimbe, lágbègbè Kasungu, ló sì ti dàgbà. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Àgbàdo àti tábà ni wọ́n ń gbìn. Nígbà tí 2001 ń parí lọ tí 2002 ń bẹ̀rẹ̀, ìyàn mú ní Màláwì, àwọn èèyàn kú. Owó ilé ìwé ò sí mọ́, ọmọ ọdún 14 náà sì kúrò ní sẹ́kọ́ńdìrì. Kàkà kó jókòó sílé, ó ń lọ sí ilé ìkàwé kékeré kan tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Wimbe. Ibẹ̀ ló ti rí ìwé kan láti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Using Energy, tí àwòrán ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Ó lọ ń ṣa pàǹtírí kiri. Ó rí fáànù katakata, ó rí ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀, ó gba kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀, ó yọ́ páìpù rọ́bà lórí iná, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó fi ṣe apá ẹ̀rọ. Àwọn ará ìletò ní orí rẹ̀ ti dàrú. Nígbà tó gbé e dúró lórí igi gíga tí afẹ́fẹ́ fẹ́, gílóòbù kékeré tó mú lọ́wọ́ tàn yòò. Nígbà tó yá, gílóòbù mẹ́rin àti rédíò méjì ló ń lo iná yẹn, àwọn aládùúgbò sì ń wá ṣáàjì fóònù. Ìwé ìròyìn Màláwì kan gbé ìtàn rẹ̀ jáde ní 2006. Ní 2007 ó sọ̀rọ̀ níwájú àwọn èèyàn TED ní Arusha, ní Tanzania. Ó padà sílé ìwé, ó sì gboyè ní Dartmouth ní Amẹ́ríkà ní 2014.

Ẹ lè bi mí pé, “Kí ló kan Woolwich nínú èyí?” Ó kàn án gan-an ni. Àwọn kan nínú yín ń gbé ní Woolwich àti Thamesmead. Ẹ̀ ń gba ibùdó ọkọ̀ ojú irin Woolwich Dockyard kọjá, ojú yín sì wà nínú fóònù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí kan ọkọ̀ ojú omi fún ọba Henry Kẹjọ ní 1512. Wọ́n ti ibẹ̀ pa ní 1869. Ilé gbígbé ló pọ̀ jù níbẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n òpó èéfín gíga tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ àtijọ́ náà ṣì wà lórí ìdúró. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, lápá Charlton, ni ilé iṣẹ́ Siemens Brothers wà láti 1863 títí di 1968. Wáyà tẹligíráàfù tí wọ́n ń tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kan ọkọ̀ tí wọ́n máa fi tẹ́ wáyà náà ní 1874, Faraday ni wọ́n sọ ọ́.

Ta wá ni Faraday? Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Kò kàwé púpọ̀. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tó lọ kọ́ iṣẹ́ ìwé dídì lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní London, ìwé tó sì ń dì fún àwọn oníbàárà ló ń kà. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà náà ló fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Humphry Davy ní 1812. Ní 1831, Faraday fi hàn pé tí irin òòfà bá ń lọ tó ń bọ̀ nínú wáyà tí a wé, iná á máa ṣàn nínú wáyà náà. Ohun tó gbé gílóòbù Kamkwamba tàn nìyẹn, nítorí dáínámò kẹ̀kẹ́ ni ó lò. Fún nǹkan bí 20 ọdún, láti bí 1830, Faraday yìí kan náà ń wá sí Woolwich, ó ń kọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ológun ní kẹ́mísìrì.

Ẹlòmíì tún wà tí òkìkí rẹ̀ ò kàn tó bẹ́ẹ̀. William Sturgeon ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ bàtà ló kọ́; ó wọ iṣẹ́ ológun, wọ́n gbé e wá sí Woolwich, ó sì ń kọ́ ìṣirò àti físíìsì fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ìjì ńlá kan tí ààrá ń sán nínú rẹ̀ ló jẹ́ kó fẹ́ mọ ìdí ọ̀rọ̀ iná yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ wa ṣe bá a mu: iná mànàmáná! Nígbà tó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ ní 1820, ó ń ṣe bàtà ní Artillery Place, tí kò jìnnà sí Dockyard. Ó wé wáyà mọ́ irin tó tẹ̀ bíi pátákò ẹṣin. Nígbà tí iná bá wọ wáyà náà, irin tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 200 gíráàmù á gbé ẹrù tó tó kílò mẹ́rin. Irin òòfà oníná àkọ́kọ́ tó wúlò dáadáa nìyẹn. Ní 1825, ẹgbẹ́ Society of Arts fún un ní àmì ẹ̀yẹ fàdákà àti owó.

Ẹ wá jẹ́ ká fi ojú yẹn wo fíìmù náà. N ò ní tan yín, fíìmù tó dára ni. Ejiofor, ọmọ Igbo tí wọ́n bí sí London, ló darí rẹ̀, òun náà ló sì ṣe Trywell, bàbá William. Maxwell Simba ló ṣe William. Èdè Chichewa àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, orúkọ Chichewa ni wọ́n sì fún ìpín kọ̀ọ̀kan: ìgbà gbígbìn, ìgbà dídàgbà, ìgbà ìkórè, ebi, afẹ́fẹ́. Eégún àwọn Chewa náà jáde, kò sì sí ẹnì kankan tó ń dúró ṣàlàyé rẹ̀ fún òyìnbó. Ohun tó wú mi lórí jù ni ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ni bàbá ní, ọmọ ní kó fún òun kí òun gé e. Bàbá tí ebi ń pa, tí ọmọ ní kó jẹ́ kí òun gé ohun kan tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló fẹ́ sọ? Ejiofor ò sọ bàbá yẹn di òpònú. Ó jẹ́ ká mọ̀ pé ìbẹ̀rù rẹ̀ nídìí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun mẹ́ta tí fíìmù náà yí padà.

Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ìyàn. Nínú fíìmù, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ló fa omi sí oko, omi yẹn ló sì gba ìdílé là lọ́wọ́ ebi. Nínú ìwé, àgbàdo tuntun ti jáde, ìyàn ti rọlẹ̀, kí ẹ̀rọ náà tó dúró. Iná ló kọ́kọ́ mú wá. Ẹ̀rọ tó ń fa omi dé lẹ́yìn tí ayé ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ẹnìkan lè sọ pé fíìmù ni, àkókò ò tó. Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó sọnù. Ìwé sọ fún wa pé ìjọba ta ọkà tó yẹ kó wà nípamọ́, ó sì sẹ́ pé ìyàn wà. Bí ọmọdé kan bá lè fi fáànù katakata lé ìyàn lọ, a jẹ́ pé ìjọba ò jẹ̀bi tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Fíìmù náà fi ìwà ipá ìjọba hàn nígbà tí wọ́n lu olóyè, ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ dá ẹ̀bi yẹn nù. Ohun tí iná mú wá nínú ìwé kéré, ó sì jẹ́ òótọ́: kí èèyàn má tètè sùn nítorí òkùnkùn, kó lè kàwé lálẹ́, kí èéfín àtùpà má wọ̀ ọ́ lójú.

Èkejì, ọ̀rọ̀ dáínámò. Nínú ìwé, gbogbo nǹkan ti pé tán, dáínámò nìkan ló kù, owó ò sì sí. Wọ́n rí ọkùnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ tó ní dáínámò kọjá. Gilbert, ọ̀rẹ́ William tó jẹ́ ọmọ olóyè, ló na ọwọ́ sí àpò, tó yọ kwacha 200, tó rà á fún un. Nínú fíìmù, ọ̀nà mìíràn ni dáínámò gbà dé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Annie àti olùkọ́ ni wọ́n so ó mọ́. Gilbert ṣì wà nínú fíìmù o, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Nínú fíìmù, William mọ àṣírí olùkọ́ rẹ̀, àṣírí yẹn ló sì fi halẹ̀ mọ́ ọn kó tó lè rí ilé ìkàwé wọ̀. Nínú ìwé, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ìyáàfin Edith Sikelo tó ń tọ́jú ibẹ̀ jẹ́ kó wọlé, ó yá a níwèé. Fíìmù ti ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, kí akọni lè rí ohun tó máa fọ́. Gbogbo ẹ̀kọ́ ìtàn yìí sì wà nínú pé ẹnìkan ò tì í.

Ẹ jẹ́ ká wá fi èdè wa wò ó. Báwo lẹ ṣe máa túmọ̀ àkọlé náà? Èmi á ní “Ọmọkùnrin Tó Kó Afẹ́fẹ́ Níjàánu.” Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gun ẹṣin nìkan là ń kí. Ta ló rọ irin ìjánu, ta ló gé awọ rẹ̀? Bákan náà, wọ́n á ní “ó kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́.” Lọ́dọ̀ wa, ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ọ̀gá, ọ̀gá yẹn ló sì máa ṣe fúrídọ́ọ̀mù fún un. William ò ní ọ̀gá tó máa gbàdúrà sí i lórí. Ìwé ni ọ̀gá rẹ̀. Ìwé ò sì wá fúnra rẹ̀: ẹnìkan kọ ọ́, ẹnìkan fi í tọrẹ, ẹnìkan tò ó sórí pákó. Ìwé ni ọ̀gá Faraday náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òwe yìí ò bu iyì ẹni tó ní àyà kù. Ó kàn sọ pé ọ̀wọ̀ tó yẹ àwọn yòókù náà wà níbẹ̀.

Ìwé náà ní àléébù tiẹ̀. Láti Arusha lọ sókè, ìrìn àjò àti ìpàdé pọ̀ jù, ohùn ìletò ò fi bẹ́ẹ̀ dún mọ́. Àwọn orí tó ṣáájú ló lágbára.

Ó ku ohun kan tó kan àwa tí à ń kọ́ èdè. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé tí ọmọ yẹn kà, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Àwòrán ló kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà ló ń wá ọ̀rọ̀ tó bá a lọ. Àwa ńkọ́? Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, títí kan sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa. Ètò náà ò tàn kálẹ̀ bó ṣe yẹ. Nítorí náà, bí ọmọ àgbẹ̀ kan ní Òkè Ògùn bá wọ ilé ìkàwé lónìí, ìwé wo ló máa sọ fún un ní Yorùbá bí dáínámò ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè méjì lè ṣe nǹkan sí i. Fún àtẹ̀jáde wa tó ń bọ̀, mo fẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín mú ojú ewé kan ṣoṣo, nínú ìwé físíìsì èyíkéyìí, lórí òòfà, wáyà àti iná, kí ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá tí ọmọ ọdún 14 lè kà lóye. Kí ẹ ya àwòrán sí i. Kí ẹ sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ràn yín lọ́wọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìyá yín tó sọ ọ̀rọ̀ kan fún yín lórí fóònù náà o.